Ẹ Bi Wá: Ìyá ẹlẹ́wé ọmọ ń lọ wo ewé ní Cape Town

Lẹ́tà oṣù yìí pọ̀ o, ṣùgbọ́n ti ìyá kan láti Ọjà Ọba, l'Óṣogbo níbí, ló jẹ́ ká ti àwọn yòókù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná, torí bí a ṣe kà á tán ní ọ́fíìsì ni oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiẹ̀. Mẹ́ta míì tó fara jọ ọ́ la fi tì í lẹ́yìn.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ewé àti egbò ni mò ń tà l'Ọ́jà Ọba níbí, ìyá mi ló fi lé mi lọ́wọ́, ó ti lé lógójì ọdún. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Cape Town, ìyàwó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó ní kí n wá bá àwọn wẹ ọmọ, ó wá ní òun á mú mi lọ sí ọgbà kan tó wà lára òkè, pé kìkì igi àti ewé ilẹ̀ wọn ni wọ́n kó síbẹ̀. Mo ní kí ni mo fẹ́ fi owó wo ewé ṣe, èmi tó jẹ́ pé ewé ni mò ń jí rí. Orúnkún ń dùn mí, ìwé mi ò dẹ̀ pọ̀. Ṣé mo lè gun òkè yẹn? Ṣé n ó rí ewé tí mo mọ̀? Tí mo bá rí èyí tó dáa, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n já díẹ̀ bọ̀ wálé? Mo dẹ̀ fẹ́ kó àgbo ọmọ dání lọ. Ọmọ ọmọ mi ló bá mi tẹ̀ ẹ́.
Ìyá Ẹlẹ́wé, Ọjà Ọba

Ìyá wa, ẹ kú ọwọ́ lómi o, Ọlọ́run á dá ọmọ tuntun sí fún yín.

Ẹ lọ jàre. Mo ti débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nínú oṣù kẹjọ, iṣẹ́ ló gbé mi dé Cape Town tí mo fi yà síbẹ̀, mo lè sọ fún yín pé gbogbo àwa tí à ń rìn kiri inú ọgbà yẹn lọ́jọ́ náà, tí a na fóònù sókè tí à ń ya òdòdó ní fọ́tò, bóyá la fi rí ẹnì kan nínú wa tó mọ ohun tó ń wò. Ẹni bíi tiyín ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Kirstenbosch lorúkọ ẹ̀. Ẹ má wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ẹ ṣáà pè é ní Kásítìnbọ́ọ̀sì, onítakisí á gbọ́. Òkè tó dúró lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Table Mountain, torí pé orí ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí orí tábìlì, ibi tó ga jù níbẹ̀ lé ní 1,080 mítà, ṣùgbọ́n ẹ fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ní kí ẹ gun ìyẹn. Ẹsẹ̀ òkè, níhà ìlà oòrùn, ni ọgbà wà. Gbogbo ilẹ̀ ẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 528 hẹ́kítà, igbó Ọ̀ṣun wa tó jẹ́ 75 hẹ́kítà á wọ inú ẹ̀ lọ́nà méje, àmọ́ ibi tí wọ́n fọwọ́ gbìn tí wọ́n la ọ̀nà sí ò ju nǹkan bíi 36 hẹ́kítà lọ, ìyẹn ò tó ìdajì igbó Ọ̀ṣun, ìyókù igbó òkè ni, wọ́n fi í sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ dán, kẹ̀kẹ́ àwọn tí ò lè rìn ń gba ibẹ̀ kọjá, bẹ́ǹṣì wà káàkiri. Bẹ́ẹ bá ṣe ń lọ sókè ló ń ga díẹ̀díẹ̀, ibi tí orúnkún bá ti ní ó tó, ẹ jókòó síbẹ̀, ti ìsàlẹ̀ nìkan tó yín wò láti àárọ̀ dalẹ́. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí géètì. Ẹ wọ bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀, bàtà pẹlẹbẹ ni mo wọ̀ lọ ní tèmi, òkúta tutù, mo fìdí jókòó lójú àwọn ọmọ iléèwé, wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ ní kí lẹ fẹ́ fi owó wo ewé ṣe. Ẹ gbọ́ ná. 1913 ni wọ́n dá ọgbà yìí sílẹ̀, ayé ìgbà tó jẹ́ pé tí òyìnbó bá dá irú ẹ̀ sílẹ̀ níbikíbi, igi ìlú onílùú ni wọ́n máa ń kó síbẹ̀, rọ́bà, kọfí, ohun tó bá ṣáà ti lè di owó. Àwọn ti ibí yìí ní rárá o, ohun tó ń hù ní ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà nìkan la fẹ́, títí kan èyí tí àgbẹ̀ ń pè ní igbó lásán tó ń ro dànù. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Harold Pearson, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kò pẹ́ níbẹ̀ tó fi kú, 1916, inú ọgbà náà ni wọ́n sin ín sí, ohun tí wọ́n kọ sára ibojì ẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń wá ohun ìrántí ẹ̀ kó wò yíká. Mo wò yíká lóòótọ́. Ju ẹgbẹ̀rún méje oríṣi ewéko ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín tún mú yín dé ibi ọgbà tó wà nínú ọgbà. Igi tí wọ́n gbìn fi ṣe odi ni, láti 1660, òyìnbó Dutch kan tó ń jẹ́ Jan van Riebeeck ló gbìn ín, kí àwọn Khoikhoi tó ni ilẹ̀ má baà da ẹran wọn wọ ibi tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn. Igi ilẹ̀ náà ni wọ́n fi lé ọmọ onílẹ̀ sẹ́yìn ọgbà. Ó ṣì ń hù títí dòní, apá kan ẹ̀ wà níbẹ̀, ó lọ́ mọ́ra wọn bí ejò.

Ewé tí ẹ mọ̀ ńkọ́? Ẹ má retí pé ẹ ó bá gbogbo ohun tó wà lórí àtẹ yín níbẹ̀, àmọ́ ẹ ó pàdé mọ̀lẹ́bí wọn. Ahọ́n erin tí ẹ ń tà yẹn, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ẹ̀ ló kún ibẹ̀, òmíì ga ju èèyàn lọ, òdòdó pupa á yọ lórí ẹ̀ bí ẹ̀ṣẹ́ná. Ìbátan ọ̀dúndún àti àbámọdá náà wà, ewé wọn ki pọ́pọ́, ẹ ó rí wọn, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Òdòdó tó rí bí orí ẹyẹ tí wọ́n ń gbìn síwájú hòtẹ́ẹ̀lì níbí, ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá, wọ́n wá ní aláwọ̀ yẹ́lò kan tí wọ́n fi orúkọ Mandela pè. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ wá dìídì ni umhlonyane, bí àwọn Xhosa, ẹ̀yà kan ní Gúúsù Áfíríkà, ṣe ń pè é nìyẹn, ewé ẹ̀ rọ̀, àwọ̀ ẹ̀ bí eérú, ó korò, òórùn ẹ̀ dẹ̀ le. Ikọ́ àti òtútù ni wọ́n ń lò ó fún, wọ́n ń sè é mu, wọ́n tún máa ń da aṣọ borí kí ooru ẹ̀ lè fẹ́ sí wọn lójú, bí a ṣe ń ṣe dógóyárò nígbà tí ibà bá gbé wa ṣánlẹ̀. Èmi nìkan ni mo ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ó ń ṣe mí bíi kí n pe ẹnì kan nílé.

Ti ìwé tí ẹ ní kò pọ̀ yẹn, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Orúkọ wà lára igi lóòótọ́, ọmọ yín á kà á, ṣùgbọ́n apá kan wà tí wọ́n ṣe fún òórùn nìkan, wọ́n gbé ebè ẹ̀ ga dé ìbàdí kí àwọn tí ò ríran náà lè fọwọ́ kàn án, ibẹ̀ ni kí ẹ ti fọwọ́ ra ewé kí ẹ gbé e símú. Mo fẹ́ mọ ohun tí imú yín máa sọ.

Igi kan tún wà tí Mandela fọwọ́ ara ẹ̀ gbìn síbẹ̀ ní 1996. Èèpo ẹ̀ ta lẹ́nu bí ata, oògùn ikọ́ ni, wọ́n sì bó o nínú igbó débi pé apá ibi púpọ̀ wà tí wọn ò rí i mọ́. Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n, tí wọ́n bá ti bó igi yí ká, kò ní pẹ́ gbẹ, torí ibi èèpo yẹn ni oúnjẹ ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ohun tó wà nínú èèpo náà ló wà nínú ewé, wọ́n wá ń bẹ àwọn ẹlẹ́wé pé ewé ni kí wọ́n máa já. Ìyá, mi ò bá yín wí o, ẹ mọ iṣẹ́ yín jù mí lọ, àmọ́ èmi náà ń rí bí èèpo ọ̀gànwó ṣe ń wọ Ọjà Ọba lápòlápò, mo dẹ̀ máa ń bi ara mi pé igi wo ló kù lẹ́yìn ìyẹn.

Ó wá ku jíjá. Ẹ má já nǹkan kan níbẹ̀, ewé kan ṣoṣo, ẹ má dán an wò. Igi kan wà tó dà bí ọ̀pẹ kúkúrú àmọ́ tí kì í ṣe ọ̀pẹ, cycad ni wọ́n ń pè é, ìran ẹ̀ ti pẹ́ láyé ju òdòdó lọ (ẹbí ẹ̀ kan wà lọ́dọ̀ tiwa náà, lápá Jẹ́bà). Oríṣi kan nínú ẹ̀, akọ kan ṣoṣo ni wọ́n rí nínú igbó ní 1895, wọ́n wá abo títí, wọn ò rí. Gbogbo èyí tó wà láyé lónìí, ara akọ kan yẹn ni wọ́n ti yọ ọmọ ẹ̀ gbìn. Àpọ́n láti 1895! Irú cycad wọ̀nyí lówó lórí débi pé olè ti wọ inú ọgbà yẹn rí láti wá wú wọn, ẹ wá rò ó wò bí ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ ṣe máa wo ìyá kan tó di ewé sínú ìborùn. Wọ́n ń ta irúgbìn tó wà nínú páálí ní ṣọ́ọ̀bù wọn, àmọ́ ìyẹn náà nílò ìwé ẹ̀rí pé kò lárùn kẹ́ ẹ tó lè gbé e wọ Nàìjíríà. Fọ́tò ni kí ẹ kó bọ̀, ewé kan, orúkọ ẹ̀ kan.

Àgbo ọmọ kẹ̀? Ẹ fi í sílẹ̀ ní Òṣogbo, ẹ jọ̀ọ́. Ewé gbígbẹ, egbò, èso, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n wọ ibẹ̀ láìsí ìwé àṣẹ, wọ́n á gbà á ní ẹ́pọ́ọ̀tì, wọ́n á tún dá yín dúró láti máa bi yín léèrè ọ̀rọ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ fún ọmọ, ẹ jẹ́ kí ìyá ẹ̀ kọ́kọ́ bi dókítà. Ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ yín ni físà, pásípọ́ọ̀tù, àti yẹ́lò kádì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, torí wọn kì í fi ìyẹn ṣeré fún ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá. Àti súwẹ́tà. Súwẹ́tà méjì.

Ẹ̀gbọ́n, December lèmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ń lọ sí Cape Town. A gbọ́ pé èèyàn lè gba inú ọgbà kan tí wọ́n ń pè ní Kirstenbosch gun Table Mountain dé orí. Ṣé ó le? Ṣé December dáa àbí ká sún un síwájú?
Wálé, Òkè-Fìà

Wálé, ó le, àmọ́ ọ̀dọ́ lẹ. Skeleton Gorge lorúkọ ọ̀nà náà, inú ọgbà ló ti bẹ̀rẹ̀, wàá kọ́kọ́ rìn lábẹ́ igbó tútù, tó bá yá á di àkàbà onígi tí wọ́n fi ti àpáta, lẹ́yìn ìyẹn wàá máa fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gun òkúta tí omi ń ṣàn lórí ẹ̀. Ibi àkàbà ni mo ti padà ní tèmi, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ẹ má gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó ń yọ̀, ọ̀nà míì wà tí wọ́n ń gbà bọ̀ tó ń jẹ́ Nursery Ravine.

December dáa fún gígun. Ìgbà tiwọn yí padà sí tiwa o, June sí August ni òtútù àti òjò tiwọn, December sí February ni ilẹ̀ gbẹ tí oòrùn ń mú. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn le, ó máa ń gbé kùrukùru bo orí òkè lójijì, àwọn ará ibẹ̀ ní wọ́n ti tẹ́ aṣọ lé tábìlì. Tó bá ti bò yín, ẹ ò ní rí ẹsẹ̀ yín mọ́. Ẹ kó omi àti jákẹ́ẹ̀tì dání bí oòrùn tiẹ̀ ń ran ẹni, ẹ má ya ara yín sọ́tọ̀, kí ẹ sì sọ fún ẹnì kan nísàlẹ̀ ọ̀nà tí ẹ gbà. Tó bá jẹ́ òdòdó lẹ fẹ́ wò ni, August sí October ló dáa jù, ìgbà yẹn ni mo rí protea, òdòdó tó tóbi tó orí ọmọ ọwọ́, tí wọ́n fi ń pe àwọn agbábọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì wọn.

Bẹ́ ẹ bá kúrò níbi tí wọ́n gbìn, igbó kúkúrú tó le gbagidi lẹ máa bá, fynbos ni wọ́n ń pè é. Ẹ ó rí ibi tí iná ti jó, ẹ má ṣàánú ẹ̀ jù. Igbó yẹn ń fẹ́ iná, kì í ṣe ojoojúmọ́ o, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́wàá sí ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí èso púpọ̀ nínú ẹ̀ ló máa ń sùn sínú ilẹ̀ tí kò ní hù títí tí èéfín á fi kàn án. Àwọn Kirstenbosch mọ̀ ọ́n débi pé wọ́n ń rẹ èso sínú omi tí wọ́n ti fẹ́ èéfín sí kí wọ́n tó gbìn ín. Èmi ọmọ àgbẹ̀, mo rò pé mo mọ gbogbo ohun tí iná oko ń ṣe, ìyẹn ò dé etí mi rí. Kì í ṣe pé kí ẹ wá ṣá ìṣáná o! Iná December níbẹ̀, pẹ̀lú atẹ́gùn yẹn, ilé ló máa ń jó.

Tó bá rẹ̀ yín, afárá kan wà tó gba àárín orí igi kọjá, 2014 ni wọ́n ṣe é, nǹkan bíi 130 mítà, ó ń mì díẹ̀ lẹ́sẹ̀. Boomslang ni wọ́n ń pè é, ejò orí igi nìtumọ̀ ẹ̀. Ọjọ́ Sunday nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, olórin máa ń ṣeré lórí koríko níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tìẹ ni ìyẹn.

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ọgbà òyìnbó kan lẹ fẹ́ fi kún ìwé oṣù yìí. Kí ló dé tó jẹ́ pé ìlú onílùú lẹ máa ń gbé gẹ̀gẹ̀? Ṣé a ò ní igbó Ọ̀ṣun ni? Ṣé ewé ò sí níbẹ̀?
Ọmọ Òròkí, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ta ló sọ fún yín, ẹ̀yin èèyàn yìí? Ó dáa, ẹ gba tiyín.

Ewé wà níbẹ̀. Oríṣi ewéko tó lé ní 400 ni wọ́n kà nínú igbó Ọ̀ṣun, èyí tó lé ní 200 nínú ẹ̀ ni wọ́n mọ̀ sí oògùn, UNESCO fúnra wọn kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n fi í kún ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ọdún kan péré ni ti àwọn Cape Town fi ṣáájú tiwa, 2004 ni wọ́n mú igbó òkè tiwọn. Ẹ ò jẹ́ gégi níbẹ̀, ẹ ò jẹ́ dọdẹ, ẹ ò jẹ́ pẹja, èèwọ̀ ló ń ṣọ́ ọ, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ oníbọn, àti Àdùnní Olórìṣà, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà tó ń jẹ́ Susanne Wenger, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé ẹ̀ jà fún un títí tó fi kú ní 2009. Mi ò bá a jiyàn.

Àmọ́ igbó òrìṣà yàtọ̀ sí ọgbà. Ẹni tó bá lọ sí igbó Ọ̀ṣun, ọ̀dọ̀ Yèyé ló lọ, kò lọ kọ́ orúkọ igi, kò dẹ̀ yẹ ká sọ ibẹ̀ di iléèwé. Ohun tó ń dùn mí kò sí nínú igbó rárá, ìta ló wà. Òṣogbo ìlú aró, àbí? Gbogbo wa là ń kì í bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ mú ọmọ ọdún méjìlá kan ní Ògò-Olúwa kó fi èlú hàn yín. Èlú tí wọ́n ń gún lewé, tí wọ́n ń ṣù ní rogodo, tí wọ́n ń sá sóòrùn, tí wọ́n ń rẹ sínú omi eérú nínú ìkòkò títí tó fi máa di aró, ewé tó sọ ìlú di ìlú aró, ọmọ náà á wojú yín ni. Tí ẹ bá ta ku, á ní inú kẹ́míkà ni aró ti ń wá. Àwọn ará Cape Town, ewé tí ò ṣe nǹkan kan fún wọn ju kó rẹwà lọ, wọ́n kọ orúkọ sí i lára. Ẹ ò rí i pé mi ò gbé wọn gẹ̀gẹ̀, ìlara wọn ni mò ń ṣe.

Tí ẹ bá fẹ́ rí ọgbà ewéko gangan láìwọ bàálù, University ti Ìbàdàn ní ọ̀kan, ó ti wà láti 1948. Tó bá jẹ́ òkè lẹ fẹ́, ẹ lọ gun ìpele méjèèje omi Olúmirin l'Érin-Ìjẹ̀ṣà, kí ẹ yé wo omi nìkan, ẹ wo ohun tó ń hù lára àpáta.

Ẹ ǹ lẹ́ o. Tísà sáyẹ́ǹsì ni mí. Mo fẹ́ ṣe ọgbà ewé ilẹ̀ wa kékeré kan sẹ́yìn kíláàsì, àyè tó wà níbẹ̀ ò ju yàrá méjì lọ. Kí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbìn, kí ni mo fẹ́ kọ sára ẹ̀?
Tísà, Kélébè

Tísà, ẹ ò mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Àyè ti tó. Ẹ gbin èlú síbi tó ti lè rí nǹkan gùn, torí ó máa ń fà. Ẹ gbin ọ̀dúndún, rinrin àti tẹ̀tẹ̀ pa pọ̀, àwọn ọmọ ti gbọ́ orúkọ wọn nínú ìwúre, kí wọ́n wá rí ojú wọn. Ewúro kò ní yọ yín lẹ́nu. Ẹ má gbin igi ńlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri o, gbòǹgbò ẹ̀ á wọ ìpìlẹ̀, wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ fà á.

Lára páálí, ẹ kọ orúkọ Yorùbá sókè gàdàgbà, ti sáyẹ́ǹsì sísàlẹ̀ ní lẹ́tà kékeré, kí ẹ fi ohun tí wọ́n ń fi ṣe síkẹta. Kí ọmọ tó gbìn ín fúnra ẹ̀ kọ ọ́, páálí tí òjò bá pa rẹ́, kó tún un kọ. Orúkọ Yorùbá yẹn ni kí ẹ ṣọ́, torí ewé kan lè ní orúkọ mẹ́ta láàárín Òṣogbo sí Ìkìrun, ẹ má gbé e látinú fóònù, ẹ mú ewé náà dání lọ sọ́jà kí ẹ bi ẹni tó ń tà á.

Ìyá kan tiẹ̀ wà l'Ọ́jà Ọba tó lè wá dúró síwájú kíláàsì yín tó bá ti Cape Town dé. Ìyá, lẹ́tà kejì la fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín, tísà kan ní Kélébè ń dúró dè yín, kí ẹ sì sọ ohun tí umhlonyane yẹn rùn bí fún wa.